Ó-ti-tán Gbé Jíìpù Bàbá Sókè

Àbúrò bàbá mi ni. Mẹkáníìkì ni. Bàbá Kékeré ni èmi ń pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì tí ẹ ní Bàbá Kékeré lẹ ń wá, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ẹ ní Ó-ti-tán lẹ ń wá. Afọ́jú gan-an á mú yín débẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí iṣẹ́ tó gbà tí kì í ti tán. Oníbàárà á pè é lórí fóònù. "Ó ti tán. Ẹ máa bọ̀." Onítọ̀hún á dé, á bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lórí páálí. "Ó ti tán o. Ó ku ká gbé e padà sínú ọkọ̀ ni." Wọ́n á bú u. Á rẹ́rìn-ín. Tó bá yá, ọkọ̀ á tan, oníbàárà á lọ, nọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta tó yẹ kó wà lára ọkọ̀ á sì ṣẹ́kù sí Ó-ti-tán lọ́wọ́. Á jù wọ́n sínú agolo. Agolo náà ti kún.

Bàbá mi kórìíra agolo yẹn. Òun ló kọ́ Ó-ti-tán níṣẹ́. Títí bàbá mi fi kú, nọ́ọ̀tì kankan ò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Àwọn oníbàárà á máa ráhùn, á ní kí wọ́n máa ráhùn lọ, ọkọ̀ tó bá kúrò lọ́wọ́ òun kì í padà wá.

Ó kú ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ọgbà ló wà. Ó ní àyà ń dun òun. Ó jókòó sórí táyà kan. Kò dìde mọ́. Táyà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ rà á, Ó-ti-tán lé e jáde. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Nígbà tó kú, ìyá mi wà ní ọsibítù. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, orúnkún rẹ̀ fọ́, wọ́n fi irin sí i. A sìnkú bàbá mi, kò sí níbẹ̀. Orí òkè la sin ín sí, lórí ilẹ̀ tó rà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé, torí ibẹ̀ ló ní ká sin òun sí. Èmi ni mo mọ búlọ́ọ̀kù tí a fi yí sàréè rẹ̀ ká. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò kàwé jìnnà. Mo mọ sìmẹ́ǹtì, mo mọ iyanrìn.

Ìyá mi jáde ní ọsibítù. Orúnkún náà kò ká dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbé mi lọ wò ó."

Tó bá jí, ohun tó ń sọ nìyẹn. Tó bá ń jẹun, òun náà ni. "Ẹ ní ẹ ti sin ín. Mi ò rí i. Lójú tèmi, ọgbà ló lọ, kò tíì dé."

Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń jáde síta.

Òkè yẹn ni wàhálà. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà. Òkúta ni, àti kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Alùpùpù ń gùn ún, ṣùgbọ́n ìyá mi kò lè ya ẹsẹ̀ gun alùpùpù. Àwọn onítáksí kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo òkè náà, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ó wá ku jíìpù bàbá mi.

Ẹ má jẹ́ kí jíìpù tàn yín. Orúkọ lásán ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tiwájú kàn ń bá wọn lọ ni. Táyà rẹ̀ kéré, ikùn rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀ bí ikùn aláǹgbá. Ṣùgbọ́n ó bá ìyá mi mu. Á kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, á jókòó sórí àga rẹ̀ wọ̀ọ̀, á wá fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ tó fọ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó ń ràn án lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

Èmi àti Ó-ti-tán gbé e lọ. A ò dé ìdajì ọ̀nà. Òkúta ńlá kan wà níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀. Ikùn jíìpù gbé lé e, gbàà. Ẹsẹ̀ iwájú wà lókè, tẹ̀yìn ń fọ́n iyẹ̀pẹ̀ káàkiri. A fi jáàkì yọ ọ́, a fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀. Ojú fèrèsé ni ìyá mi ti ń wo orí òkè títí a fi délé.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Òjò máa tó bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àgbàrá á gba ọ̀nà yẹn. Alùpùpù gan-an ò ní gùn ún mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ó-ti-tán gbá àyà. "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ká gbé jíìpù yìí sókè díẹ̀, ká wọ táyà ńlá fún un. Ó ti tán!"

Ìyá mi ti wà nílé ọkọ kí Ó-ti-tán tó mọ ṣòkòtò í wọ̀. Síbẹ̀, ìyàwó ló ń pè é, ìyá mi náà sì ń pè é ní ọkọ mi kékeré.

"Ọkọ mi kékeré," ìyá mi ní, "ṣé irú èyí tó máa ń tán yẹn náà ni?"

"Eléyìí yàtọ̀."

Owó ò sí. Ọsibítù ti gbá wa mọ́lẹ̀. A ò lè ra irin tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó máa ń wá nínú páálí. Ó-ti-tán ní kí n má da ara mi láàmú, irin ni irin ń jẹ́. Ó gbé àjákù irin ọkọ̀ àjàgbé lọ bá ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ó ní kó gé e róbótó, kó nípọn bí ìka mẹ́ta, kó lu ihò sí i. Ìyẹn la máa fi sórí sípíríǹgì iwájú, kó lè ti ọkọ̀ sókè. Fún tẹ̀yìn, ó yọ sípíríǹgì lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú sẹ́yìn ọgbà, tí koríko ti hù nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Táyà, àlòkù la rà. Mẹ́ta jọra. Ìkẹrin jẹ́ ìbátan wọn.

Tí mo bá ti mọ búlọ́ọ̀kù tán, mo máa ń lọ bá a. Èmi ni mò ń di irin mú, òun ló ń lù ú. Ó lù mí lọ́wọ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ọwọ́ mi ló tóbi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí jáàkì, Ó-ti-tán gbọn ọwọ́. "Ó ti tán."

Mo rìn sẹ́yìn. Mo wò ó. Jíìpù náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kígbe. "Ó-ti-tán! Kí ló ṣe é? Ṣé ó ń tẹ́tí sí ilẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," Ó-ti-tán fèsì. "Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ibí ni kò tẹ́jú."

"Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ fúnra ẹ̀ fi omi wọ̀n kó lè tẹ́jú kó tó da kọnkéré sí i?"

Ó-ti-tán mú sípánà. A tún gbogbo rẹ̀ tú. Ó ti fi sípíríǹgì kan dorí kodò.

Ìgbà kejì, ó dúró gún. Ó ga. Mo gbà pé ó ga, ó sì wuyì. Ó-ti-tán wọlé, ó tan án, ó yí sitiárìn sọ́tùn-ún. Gírígírígírí. Táyà ń jẹ mádígáàdì. Ó yí i sósì. Gírígírí. Ó bọ́ sílẹ̀.

"Ó ti tán. Ká sáà máa lọ tààrà."

"Bàbá Kékeré, ṣé ọ̀nà òkè yẹn tọ́ ni?"

Ó mú òòlù. Ó lu mádígáàdì títí àwọn ẹyẹ fi kúrò lórí igi. Ó gé rọ́bà inú rẹ̀ dànù. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, mo rí rọ́bà bíréèkì tó ti le tantan bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Mo ní, "Eléyìí ńkọ́?"

Ó ní, "Ó gùn tó."

Mo ní, "Ó ti nà tán."

Ó ní, "Ohun tó bá nà ló gùn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́. Mo ju sípánà sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ká ní bàbá mi wà láyé ni, kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí láéláé.

Ó wo ibi táyà tí kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó lé. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó jáde lọ. Nígbà tó padà, ó mú rọ́bà bíréèkì tó gùn dáadáa bọ̀. Ó rọra dè é, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò sọ pé ó ti tán lọ́jọ́ yẹn.

A gbé e lọ bá ọkùnrin aláímẹ́ǹtì tó ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè máa lọ tààrà, ó bá wa jà. Ó ní irú ẹsẹ̀ wo nìyí, ọ̀kan ń lọ ọjà, ọ̀kan ń lọ oko. Ó tò ó títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Ó wá bẹ̀ wá pé tí wọ́n bá bi wá, ká má dárúkọ òun.

Òjò ti ń ṣú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí. Ìyá mi á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara. Kò bi mí ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Á wo ojú ọ̀run, á wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ó-ti-tán gbé jíìpù dé iwájú ilé wa. Ó fọn fèrè. Ọkọ̀ náà dúró gogoro bí ẹṣin ọba. Ìyá mi ti wọ aṣọ tí bàbá mi rà fún un gbẹ̀yìn. Ó mú ọ̀pá, ó jáde. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, ó fẹ́ jókòó.

Àga bá a láàárín ẹ̀yìn.

Ìyá mi yí padà. Ó wo jíìpù látòkè délẹ̀. Ó wo Ó-ti-tán.

"Ọkọ mi kékeré. Ta lẹ gbé e ga fún?"

Ẹ wo ayé mi. Gbogbo ìgbà tí a fi gé irin, tí a lu mádígáàdì, tí a ń fi ọ̀pá wọn ikùn ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì tó rántí láti wọn ìyá mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Ó ń ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bíi kí n lu ẹnì kan.

A gbé àpótí ìjókòó wá. Ó fi ẹsẹ̀ tó dáa gùn ún. Èyí tó fọ́ kọ̀, kò ká. Àpótí mì, mo sáré dì í mú, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé yín."

"Kí o gbé ta?"

"Ìṣẹ́jú kan péré ni."

"Èmi kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọ́n gbé mi wọ ọsibítù. Wọ́n ń gbé mi lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gbé mi jáde. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni mo máa fi lọ bá ọkọ mi. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n padà wọlé."

Kì í ṣe eré. Mo mọ ojú yẹn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kì í bá ojú yẹn jiyàn.

Ó-ti-tán ń họ orí. Ó yí jíìpù po. Ó wo ilẹ̀.

"Ṣọ́bìrì dà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ká gbẹ́ ilẹ̀. Kí táyà wọ kòtò, kí ọkọ̀ wálẹ̀, kí Ìyàwó wa wọlé. Ó ti tán!"

Mo ní kó tún un sọ. Jíìpù tí a ti ń gbé sókè látọjọ́ yìí, a fẹ́ gbẹ́ kòtò kó lè wálẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n mú èyí tó dáa jù ú lọ wá. Mi ò rí nǹkan kan mú wá. Mo lọ gbé ṣọ́bìrì.

Ojú gbogbo ayé la ti gbẹ́ ilẹ̀. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jáde.

"Ṣé kànga ni?"

"Ọkọ̀ la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀," mo ní.

"Èyí tí ẹ ń gbé sókè látọjọ́ yìí?"

"Òun náà ni."

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ lónìí kó lọ fara balẹ̀, òun fẹ́ wòran.

Kòtò mẹ́rin. Ó-ti-tán wa jíìpù wọ inú wọn, gbì. Àga wálẹ̀. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó sì fúnra rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé. Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Ó-ti-tán tẹrí ba fún un bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Ó wá tan ọkọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lójú kan, iyẹ̀pẹ̀ ń fò. Tiwájú jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò. Ọkọ̀ ò kúrò.

Mo lọ sójú fèrèsé. "Bàbá Kékeré, ẹ ò rò ó pé a máa jáde?"

"Ẹ tì í díẹ̀. Ó ti tán."

A tì í. Aránṣọ bá wa tì í. Bíríkìlà kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ bá wa tì í. Iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu mi. Mo gbọ́ ohùn kan láti inú ọkọ̀, ó dà bí ẹkún. Mo sáré lọ wo ìyá mi. Ẹ̀rín ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

"Ẹ tì í dáadáa," ó ní. "Ṣé èmi ni mo wúwo ni?"

Ọkọ̀ fò jáde. Aránṣọ dojú bolẹ̀.

Ohun tó bá jẹ́ ti Ó-ti-tán, ẹ jẹ́ ká fún un. Jíìpù náà gun òkè. Nígbà tí a dé ibi òkúta tó gbé wa lọ́jọ́sí, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó fi táyà ọ̀tún gun òkúta, ó fi tòsì gba etí kòtò. Mo fi eyín di eyín, mò ń retí gbàà. Mi ò gbọ́ gbàà. Ikùn ọkọ̀ kọjá lórí òkúta bí ológbò. Táyà ò jẹ mádígáàdì. Bíréèkì mú. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n Ó-ti-tán. Mi ò rí i kó wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí bàbá mi ṣe máa ń wà á nìyẹn.

A dé òkè. Ògiri ilé tí kò parí wà níbẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Sàréè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù mi. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ jìnnà.

A tún ti ṣe é. Wíwọlé la rò, a ò ro bíbọ́ sílẹ̀.

"Ó ti tán," Ó-ti-tán ní. Ó ti ju ṣọ́bìrì sẹ́yìn ọkọ̀ ká tó kúrò nílé, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun rántí. Ó lọ síbi táyà, ó gún ilẹ̀.

Ṣàà.

Ó tún un gún. Ṣàà. Irin ṣọ́bìrì lára òkúta wẹ́wẹ́. Mo mọ ìró yẹn. Ibí yìí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ilẹ̀ bàbá mi. Mo yí ojú kúrò níbi ṣọ́bìrì.

Ìyá mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ó di etí ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkọ mi kékeré. Ẹ dáwọ́ dúró."

"Ó ku díẹ̀, Ìyàwó wa."

"Mo ní ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ kankan mọ́ níbí."

Ó-ti-tán wo ṣọ́bìrì. Ó wo sàréè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó tẹ́ ṣọ́bìrì sílẹ̀ lórí koríko bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Wá gbé mi."

"Màámi, ẹ ní…"

"Mo mọ ohun tí mo ní. Wá. Bí o ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù ẹ."

"Búlọ́ọ̀kù kì í pariwo tó báyìí."

Ó gbá mi lórí. Mo ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ orúnkún rẹ̀, mo ti ìkejì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e. Kò wúwo rárá. Àárẹ̀ ti mú un tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀.

Ibẹ̀ ò jìnnà. Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń rò ó: irin róbótó, sípíríǹgì, táyà tó jẹ́ ìbátan, òòlù, ìjà aláímẹ́ǹtì, kòtò mẹ́rin. Gbogbo ìyẹn, kí n tó wá gbé ìyá mi lọ́wọ́ bí mo ṣe lè gbé e láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Inú ń bí mi, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò rí ọwọ́ fi nù ún.

Mo gbé e jókòó sórí ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa búlọ́ọ̀kù sàréè.

"Ta ló mọ wọ́n?"

"Èmi ni."

"Wọ́n gún."

Lẹ́yìn náà, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mi ló ń bá sọ ọ́, jẹ́jẹ́. Ó ń ròyìn. Mo gbọ́ "àbúrò yín". Mo gbọ́ "kòtò". Mo gbọ́ ẹ̀rín, mo gbọ́ ẹkún. Ó-ti-tán kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan kan ò ṣe táyà náà.

Omi kan kán sí mi lọ́rùn. Òmíràn kán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tọ́.

"Ó yá, ká máa lọ," ìyá mi ní. Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. Ó wo jíìpù tó dúró gogoro, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.

Ó-ti-tán dìde. Ó la ẹnu.

"Bàbá Kékeré," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

Ìyá mi ti na ọwọ́ sí mi.